Àpọ́n Àgbẹ̀, Ìpele Kejì Lókè

1

…wọ́n sì ní kí wọ́n jókòó.

Abdulmúmínì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Màríámù ń fi etí ìbòrí nu ojú.

Abẹ́ àgọ́ tí wọ́n pa fún àwọn òbí ni wọ́n wà, níta gbọ̀ngàn yunifásítì, níwájú amóhùnmáwòrán ńlá kan tí oòrùn ò jẹ́ kí wọ́n rí dáadáa. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n á pe orúkọ, ọmọ á gorí pèpéle, ọ̀gá yunifásítì á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Láti àárọ̀ ni Abdulmúmínì ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ń tọ́jú agbára díẹ̀ pa mọ́ fún tirẹ̀. Nígbà tó wá kan Nàfísàt, ọmọ rẹ̀, wọn ò pe orúkọ kankan. Ohùn kan kàn sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, odidi agbo dìde. Láàrin wọn, fìlà onígun mẹ́rin kan wà tó jọ pé tirẹ̀ ni. Ohùn náà tún sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó.

Láwàl, ẹ̀gbọ́n Abdulmúmínì, ti mú ọ̀rọ̀ kan tó yé e nínú gbogbo òyìnbó náà.

"Sẹ́kọ́ńdì," ó wí. "Èkejì ni wọ́n ṣe."

2

Ohun tó wà nínú ìwé ètò ọjọ́ náà, ní ojú ewé tí Nàfísàt ká etí rẹ̀:

> Ẹ̀KA ÌMỌ̀ IṢẸ́ ÀGBẸ̀
> Báṣẹ́lọ̀, B. Agric.
> Ìpele Kejì, Apá Òkè
> . . .
> ABDULMÚMÍNÌ, Nàfísàt Àdùkẹ́
> . . .

3

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sílé. Láwàl jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn.

LÁWÀL: Àwọn wo ló gba ti àkọ́kọ́?

NÀFÍSÀT: Wọ́n pọ̀ díẹ̀, Àáfà. Fọ́ọ̀sì kíláàsì ni wọ́n ń pè é.

LÁWÀL: Ọmọ ta ni wọ́n?

NÀFÍSÀT: Ọmọ oríṣiríṣi èèyàn ni.

LÁWÀL: Ọmọ àgbẹ̀ ò sí níbẹ̀.

NÀFÍSÀT: Ó lè wà níbẹ̀, Àáfà. Mi ò mọ gbogbo wọn.

LÁWÀL: Ọdún márùn-ún. Wọ́n wá fi ọ́ sẹ́yìn.

ABDULMÚMÍNÌ: (ó kọjú sí fèrèsé)

MÀRÍÁMÙ: Ẹ jẹ́ ká dúró ra omi.

4

Kó lè yé ẹni tí ò mọ̀ wọ́n.

Bùdó Òkìtì wà lẹ́yìn Ìlọrin, níbi tí ọ̀dà ti tán tí ilẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀. Baba kan náà ló bí Láwàl àti Abdulmúmínì. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, oko wọn fara kan ara. Àgbàdo àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn, wọ́n ń sin àgùntàn. Láwàl ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń ṣáájú ìrun ní mọ́sálásí abúlé, ìdí nìyẹn tí gbogbo agbo ilé fi ń pè é ní Àáfà. Bó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Nàfísàt, àkọ́bí Abdulmúmínì, ni ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì láti Bùdó Òkìtì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Láwàl ò ní kó má lọ. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Gbogbo abúlé ń wò ó.

Ẹni tó ń wò ó jù ni Bílíkísù, àbíkẹ́yìn Láwàl. Òun ló ń tọ́jú àgùntàn ilé. Ó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, èsì rẹ̀ sì dáa. Fọ́ọ̀mù JAMB ti jáde. Ó ku kí baba rẹ̀ sọ̀rọ̀.

5

Dàpọ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo Bùdó Òkìtì ti ń gba iná sí fóònù. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú ìwé ètò Nàfísàt, ó wo ìwé atúmọ̀ èdè tó wà lórí fóònù rẹ̀, ó sì túmọ̀ ohun tó rí níbẹ̀ fún wọn:

> báṣẹ́lọ̀. 1. Ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, àpọ́n.
> 2.

Ibi nọ́ńbà kejì yẹn gan-an ni ojú fóònù náà ti fọ́.

6

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti délé dóko pé wọ́n fi ọmọ Abdulmúmínì jẹ àpọ́n àgbẹ̀, ìpele kejì.

7

Lẹ́yìn ìrun alásárì, Láwàl pe àbúrò rẹ̀.

"Jókòó."

Abdulmúmínì jókòó sórí ẹní.

"Mi ò bínú sí ọmọ ẹ. Ọmọ tèmi náà ni. Ṣùgbọ́n mo ní ká wò ó, a sì ti wò ó. Wọ́n gbé e sí ìpele kejì, wọ́n tún wá fún un lórúkọ ọkùnrin tí ò níyàwó. Bílíkísù ò ní lọ gba irú ẹ̀ bọ̀ wálé."

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn."

"Kí ni ìtumọ̀ mìíràn ọ̀hún?"

Abdulmúmínì ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Láti ọdún tí Nàfísàt ti wọlé ló ti ń fi í yangàn. Lọ́jà, lóko, níbi ìsọmọlórúkọ, kò síbi tí ò ti sọ ọ́ pé ọmọ òun wà ní yunifásítì. Kò fìgbà kan béèrè orúkọ ohun tí ọmọ ọ̀hún lọ mú bọ̀.

8

(Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sóko.)

9

Màríámù ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, òun náà mú ọ̀kan.

"Mo fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ni," ó wí. "Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ mi mọ́ tirẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi rí i nígbà tó dìde."

"Láàrin gbogbo èrò yẹn?"

"Ọmọ tí mo bí!" Ó ju ṣùkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó dúró ṣánṣán ju gbogbo wọn lọ. Baba Nàfísàt, ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ ní kó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má tijú ọmọ yín."

10

Nàfísàt ti padà sí Adéwọlé, ní Ìlọrin, níbi tó ti ń dúró de ìpè àgùnbánirọ̀. Ọ̀dọ̀ Ìbídùn ló ń gbé, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Bùdó Òkìtì, tó máa ń gun ọ̀kadà wá síbi iṣẹ́ láti Ìlọrin.

ABDULMÚMÍNÌ: Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Má rẹ́rìn-ín o.

NÀFÍSÀT: Mi ò ní rẹ́rìn-ín, Bàbá.

ABDULMÚMÍNÌ: Kí ni báṣẹ́lọ̀?

NÀFÍSÀT: (ẹ̀rín)

ABDULMÚMÍNÌ: Mo ní má rẹ́rìn-ín.

NÀFÍSÀT: Ẹ má bínú, Bàbá. Digirí àkọ́kọ́ ni. Ìwé ẹ̀rí tí yunifásítì máa ń kọ́kọ́ fúnni. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń pe àpọ́n bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn lọ́tọ̀, èyí lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì.

ABDULMÚMÍNÌ: Bí a ṣe ń kọ́ ilé, tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́, tí a tún ń fi aṣọ kọ́?

NÀFÍSÀT: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Bàbá! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

ABDULMÚMÍNÌ: Ó dáa. Sẹ́kọ́ńdì yẹn ńkọ́?

NÀFÍSÀT: Kì í ṣe pé mo ṣe ipò kejì. Wọ́n máa ń ro máàkì gbogbo ọdún pọ̀ ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù wà ní fọ́ọ̀sì kíláàsì. Ìpele kejì pín sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Òkè ni èmi wà. Ìpele kẹta wá tẹ̀ lé e. Àwọn kan tí a jọ wọlé ò sì parí rárá.

ABDULMÚMÍNÌ: Ṣé o fẹ́ fọ́ọ̀sì náà?

NÀFÍSÀT: Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Ó ku díẹ̀ báyìí. Ọdún kejì tí ara mi ò yá, ibẹ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

ABDULMÚMÍNÌ: O ò sọ fún mi.

NÀFÍSÀT: Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín dàrú.

ABDULMÚMÍNÌ: Èmi náà fẹ́ ẹ.

NÀFÍSÀT: Mo mọ̀. Mo rí ojú yín.

ABDULMÚMÍNÌ: Ṣùgbọ́n òkè ni.

NÀFÍSÀT: Òkè ni, Bàbá.

11

Abdulmúmínì ò kàwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ó lọ ilé kéú dáadáa, ó sì lè fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Ó mú èédú, ó lọ sídìí àká, ó kọ gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ sára ògiri. Ẹ kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́:

> Dókítà ti ìwé (kì í fúnni lábẹ́rẹ́)
>
> Másítà (kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni)
>
> Báṣẹ́lọ̀ (kì í ṣe àpọ́n)
>
> JAMB
>
> Sẹ́kọ́ńdìrì: kírẹ́díìtì márùn-ún, òyìnbó àti ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀

Màríámù dé, ó wo ògiri, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ògiri àká mi lẹ wá sọ di wàláà ilé kéú?"

12

Tíṣà Ìbídùn, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, tí kò mọ lẹ́tà Lárúbáwá, ní kí wọ́n ka ògiri náà fún òun. Abdulmúmínì kà á.

"Bàbá, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ yà. Èmi ò gba ibẹ̀."

"Níbo lo gbà?"

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ni mo kọ́kọ́ lọ. NCE ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, ọdún mẹ́ta. Mo fi ń kọ́ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi NCE ọ̀hún wọ yunifásítì. Wọn ò mú mi láti ọdún kìíní, ọdún kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Dáírẹ́ẹ̀tì ẹ́ńtìrì ni wọ́n ń pè é."

"O gba ojú fèrèsé wọlé."

"Bàbá! Ẹnu ọ̀nà ni o. Ẹnu ọ̀nà kejì."

"Má bínú. Ọ̀nà míì tún wà?"

"Pólì wà. ND, ọdún méjì. Wọ́n á jáde lọ ṣiṣẹ́ díẹ̀, wọ́n á padà wá ṣe HND, ọdún méjì míì."

"HND ọ̀hún, ṣé kò kéré sí digirí?"

Ìbídùn bojú wẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Ẹnì kan á ní wọ́n dọ́gba, ẹlòmíì á ní wọn ò dọ́gba. Ẹ má bi ẹni tó ní HND léèrè bẹ́ẹ̀ o, yóò bá yín jà. Ọkọ mi ní in."

Abdulmúmínì tún mú èédú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ara ògiri náà ti yọ ẹ̀ka.

13

Ìbídùn tún mú ìwé kan wá tí Nàfísàt fi rán an. Iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba digirí rẹ̀ ni, lórí koríko kan tó máa ń so mọ́ gbòǹgbò àgbàdo tí á máa fa oúnjẹ rẹ̀ mu. Tíṣà ṣí ojú ewé kan níwájú, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á:

> ÌDÚPẸ́
>
> Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, Abdulmúmínì, tó yọ igun kan fún mi nínú oko rẹ̀ ní Bùdó Òkìtì, tó sì gbà kí n máa fi koríko burúkú dá àrà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo àgbẹ̀ ń fi í ṣe ẹlẹ́yà.

"Ó wà nínú ìwé?"

"Ó wà nínú ìwé, Bàbá."

"Orúkọ Bùdó Òkìtì?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Níbo ni wọ́n ń tọ́jú irú ìwé yìí sí?"

"Ilé ìkàwé yunifásítì. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè lọ kà á."

"Bá mi fi ìka mi lé e."

Ìbídùn mú ìka rẹ̀, ó fi lé e. Abdulmúmínì ò tètè gbé e kúrò. Oko náà ni baba rẹ̀ kú sí. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí.

14

Kò lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn níta. Ó lọ bá a nínú yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn òbí ń fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yunifásítì yìí fún àwọn. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe alága."

Láwàl wò ó títí. "Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láwùjọ ni?"

"Aúsù bílláì! Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Bí kò bá yé yín, a jẹ́ pé kò yé ẹnikẹ́ni."

"Mo máa béèrè o."

"Ohun tí mo ń wá nìyẹn."

15

Lára ògiri mọ́sálásí:

> ÌKÉDE
>
> Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò.
>
> Ọ̀RỌ̀: Kí ni wọ́n ń gbà ní yunifásítì, ní pólì, àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?
>
> ALÁGA: Àáfà Láwàl
>
> ÀWỌN TÍ YÓÒ SỌ̀RỌ̀: Tíṣà Ìbídùn
> Nàfísàt Abdulmúmínì, B. AGRIC.
>
> Ẹ mú ọmọ yín wá. Ọkùnrin. Obìnrin.

Abdulmúmínì ló ní kí wọ́n kọ B. AGRIC. yẹn gàdàgbà.

16

Dàpọ̀ ló fi fóònù rẹ̀ gba ohùn yìí.

ALÁGA: Sàlámọ́ álékùn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, mo ní ìbéèrè. Bí wọ́n bá ní sẹ́kọ́ńdì kíláàsì, ṣé èkejì kọ́ ni?

ABDULMÚMÍNÌ: Ẹ̀gbọ́n, bí a bá tò ní mọ́sálásí, ẹni tó wà ní sàfù kejì, ṣé ìrun rẹ̀ ò gbà ni?

ALÁGA: Sàfù kìíní ló lẹ́san jù.

(Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.)

ABDULMÚMÍNÌ: Òótọ́ lẹ sọ. Sàfù kìíní dáa jù. Ọmọ mi fẹ́ ẹ, èmi náà fẹ́ ẹ, kò bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n inú mọ́sálásí ló wà, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí níta.

OHÙN KAN: Àlàmùdùlíláì!

ALÁGA: Ó dáa. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Àpọ́n ńkọ́?

NÀFÍSÀT: Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan.

ALÁGA: Bi mí.

NÀFÍSÀT: Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún yín níjọ́sí.

ALÁGA: Dókítà yẹn? Kí Ọlọ́run bá mi kẹ́ ẹ. Òun ló jẹ́ kí n tún máa rí Àlùkùránì kà.

NÀFÍSÀT: Ṣé ó níyàwó?

ALÁGA: Ó níyàwó. Ìyàwó ọ̀hún kí mi ní wọ́ọ̀dù. Ó mú ọmọ wá.

NÀFÍSÀT: Digirí tí dókítà yẹn kọ́kọ́ gbà, MBBS ni. Báṣẹ́lọ̀ ìmọ̀ ìṣègùn, tún báṣẹ́lọ̀ iṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ ti àpọ́n ni, Àáfà, àpọ́n méjì ni.

(Ariwo ẹ̀rín. A ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ìgbà díẹ̀.)

ALÁGA: Méjì?

NÀFÍSÀT: Méjì, Àáfà.

ALÁGA: Òun ló sì la ojú mi?

NÀFÍSÀT: Òun ni.

ALÁGA: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti tíṣà.

(Tíṣà Ìbídùn sọ ti NCE, ó sọ ti ND, ó ní kí wọ́n yéé pe pólì ní ilé àwọn tí yunifásítì kọ̀.)

HADIZA, ìyá kan láti ìsàlẹ̀ abúlé: Ọmọ tèmi ò lọ sẹ́kọ́ńdìrì òyìnbó. Sànáwì ló gbà nílé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ṣé ká lọ jókòó sílé ni?

TÍṢÀ ÌBÍDÙN: Rárá, Mà. Àwọn yunifásítì kan máa ń gba irú ẹ̀, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ ka Lárúbáwá. Kì í ṣe gbogbo sànáwì ni wọ́n ń gbà. Ẹ mú ìwé rẹ̀ dání lọ béèrè kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

OHÙN ỌMỌBÌNRIN KAN LẸ́YÌN: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé digirí àkọ́kọ́ kankan wà tí kò ní báṣẹ́lọ̀ nínú orúkọ rẹ̀?

NÀFÍSÀT: Ó wà. Ti dókítà ẹran. Dókítà ọ̀f Fẹ́tìnárì Mẹ́dísìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà á ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní dókítà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni.

OHÙN ỌMỌBÌNRIN NÁÀ: Òun ni mo fẹ́ kà.

ALÁGA: Ta nìyẹn?

OHÙN ỌMỌBÌNRIN NÁÀ: Èmi ni, Àáfà. Bílíkísù.

(Iná tán nínú fóònù Dàpọ̀.)

17

Gbogbo ohun tí Láwàl sọ láàárín ìgbà tí wọ́n tú ká sí ìgbà tó wọlé: "Ọdún mẹ́fà."

18

Abdulmúmínì ń ti oko bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí àká. Ó dúró lẹ́yìn ọkà bàbà kó má bàa rí òun.

Láwàl ń ka ògiri. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e láti ọ̀tún sí òsì, ó ń gbé orí sókè bó ṣe ń gòkè. Ó dé ibi Báṣẹ́lọ̀, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èédú nílẹ̀, ó pa lẹ́tà kan rẹ́, ó tún un kọ. Nílé kéú, òun ló máa ń tún wàláà àbúrò rẹ̀ ṣe.

Ó gbọn ọwọ́, ó lọ.

Abdulmúmínì lọ wò ó. Lẹ́tà tuntun náà gún ju tirẹ̀ lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ̀gbà tí omi fi dé ojú òun.

19

Lórí Wasáàpù.

> BÍLÍKÍSÙ: Sisí Nàfísàt
> BÍLÍKÍSÙ: Àáfà pè mí
> NÀFÍSÀT: Kí ni wọ́n wí???
> BÍLÍKÍSÙ: Wọ́n ní ta ló kọ́ mi ní ìbéèrè yẹn
> NÀFÍSÀT: Yé e
> NÀFÍSÀT: O dárúkọ mi?
> BÍLÍKÍSÙ: Mo ní èmi ni mo rò ó fúnra mi
> BÍLÍKÍSÙ: Wọ́n ní àgùntàn tí mo gbẹ̀bí fún níjọ́ yẹn, tí ọmọ fi ẹsẹ̀ ṣáájú, ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ nìyẹn
> BÍLÍKÍSÙ: Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ
> NÀFÍSÀT: Ẹ̀n-ẹ́n?
> BÍLÍKÍSÙ: Wọ́n ní kí n fọ híjáàbù mi
> BÍLÍKÍSÙ: Pé a ń lọ sí Táíwò lọ́la

20

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan wà ní Táíwò Road, láàrin oníbàtà àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọbìnrin tó ń bá àwọn èèyàn fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB níbẹ̀ ń jẹ́ Barakah. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú rẹ̀: Láwàl, Abdulmúmínì, Bílíkísù láàrin.

"Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá. Kọ́ọ̀sì wo la fẹ́ kọ?"

"Òun ni kó o bi," ni Láwàl wí. "Òun ló fẹ́ kà á."

Bílíkísù sọ ọ́. Barakah gbójú sókè. "Fẹ́tìnárì? Máàkì tí wọ́n ń béèrè fún ìyẹn ga o. Ẹ ò ṣe kọ nǹkan tó rọrùn?"

"Ṣé a ní ká kọ èyí tó rọrùn ni?" ni Láwàl bi í.

Barakah ò jiyàn. Ó tẹ̀ ẹ́. "Ibòmíì tí wọ́n lè mú un bí ti àkọ́kọ́ ò bá bọ́ sí i ńkọ́? Kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí pólì?"

Abdulmúmínì ti ya ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"ND," ni Láwàl wí. "Ti ìlera ẹran. Ọdún méjì ni. Ó ṣì lè ti ibẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kejì wọ yunifásítì."

Abdulmúmínì pa ẹnu dé. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rò pé bí òun bá wò ó, òun á rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n á sì bínú.

21

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, láti Táíwò sí Post Office. Obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Láwàl.

LÁWÀL: Ẹ wò ó, àbúrò mi nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba digirí.

OBÌNRIN: Àlùbáríkà! Kí ló kà?

LÁWÀL: Báṣẹ́lọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìpele kejì.

OBÌNRIN: Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọ.

LÁWÀL: (ó gbé ọwọ́ sókè títí tó fi kan òrùlé kẹ̀kẹ́) Lókè.

22

> Ẹ káàbọ̀ sí JAMB, LÁWÀL Bílíkísù.
> Èsì ìdánwò: ti jáde.
> Ipò ìgbaniwọlé: kò tíì sí.

23

Barakah ní máàkì rẹ̀ dáa. Ìbídùn ní ó dáa gan-an ni. Nàfísàt, tí wọ́n ti pè sí àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà, torí ọdọọdún ni ohun tí wọ́n ń béèrè ń yí padà.

Láwàl fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí Wasáàpù: "Sàlámọ́ álékùn. Ṣé wọ́n ti fún un? Ẹ dá mi lóhùn."

Lọ́jọ́ kejì: "Ṣé wọ́n ti fún un?"

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e: "Ẹ sọ fún àwọn ará yunifásítì pé ọmọ ọ̀hún ti ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀."

24

Hadiza mú sànáwì ọmọ rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lọ béèrè. Ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé ọmọ tirẹ̀. Méjì nínú wọn, ìwé ọmọbìnrin ni wọ́n mú dání.

25

Àárọ̀. Inú ọgbà àgùntàn. Bílíkísù kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ àgbò kan lé orúnkún, ó ń yọ ẹrẹ̀ kúrò láàrin pátákò rẹ̀. Láwàl dúró tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Abdulmúmínì fara ti ọgbà níta.

"Tún orúkọ ọ̀hún pè fún mi," ni Láwàl wí.

"Dókítà ọ̀f Fẹ́tìnárì Mẹ́dísìn, Àáfà."

"Dókítà ọ̀f… Fẹ́… Abdulmúmínì, ìwọ pè é."

"Dókítà ọ̀f Fẹ́tì… Fẹ́tìnáà…"

"Kò yé ìwọ náà."

"Ó yé mi, Ẹ̀gbọ́n. Ahọ́n ni kò gbé e."

"A jẹ́ pé ká tún un ṣe. Àwọn èèyàn á béèrè. A ò ní máa kólòlò níwájú wọn." Láwàl fa àgbádá rẹ̀ sókè, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Pè é díẹ̀díẹ̀. A ó máa gbà á lẹ́nu ẹ."

Bílíkísù ò gbójú kúrò lára pátákò.

"Dókítà," ó wí.

"Dókítà," ni àwọn méjèèjì wí.